Ìlà Kẹtàdínlógún

Ìlà kẹtàdínlógún nínú fọ́ọ̀mù ìjọba ni mo há sí lálẹ́ òní.
Ó ní: kílò mélòó ló bá atẹ́gùn lọ lọ́dún tó kọjá?
Mo ti kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, ó gbà á.
Mo kọ Mátórì, mo kọ nọ́ńbà ojúlé, ó gbà á.
Mo ka agolo tí a rọ ọ̀dà sí, pupa, dúdú, fàdákà,
àti àwọ̀ ewé kan tí àwọn akùnmọ́tò nìkan ń rà,
ó gbé gbogbo rẹ̀ mì bí ọmọ tí ebi ń pa.
Ṣùgbọ́n ìlà yìí yanu, kò pa á dé.

Ta ló wọn atẹ́gùn rí?
Gààrì là ń fi kóńgò wọ̀n,
aṣọ là ń fi ọ̀pá wọ̀n.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé fi ìka kan tábìlì:
“Kọ òdo síbẹ̀, Fẹ̀hìntọ́lá.
Ohun tí ojú ò rí, ọwọ́ kì í kọ ọ́.”
Mo ní, sà, imú ńkọ́?

Nítorí imú mi mọ̀ ọ́n láti etí títì,
kí n tó dé ẹnu géètì láàárọ̀.
Ó kọ́kọ́ dùn díẹ̀, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àpọ́njù,
lẹ́yìn náà ló ta, ló wọ agbárí lọ bí ìṣó.
Aránṣọ tó wà lẹ́yìn ògiri wa
ti yí máṣíìnì rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí wa láti ọdún èṣí.
Nílé, ní Ṣómólú, n kò tíì kan ilẹ̀kùn
tí ọmọ mi á ti kígbe, “Màmá ti dé!”
Orí àtẹ̀gùn ló ti ń gbọ́ atẹ́gùn mi.

Ọ̀la ni gbèdéke.
Mo gbé ìwé ọjà tó wọlé, mo gbé ti ọjà tó jáde.
Igba dúrọ́ọ̀mù tínà ó lé méjìlá ló gba géètì wọlé.
Igba ó dín méjì ló wọ inú agolo.
Méjì di ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ táńkì.
Ó ku méjìlá.
Méjìlá yìí kò sí nílé, kò sí lóko,
kò sẹ́ni tó jí i, kò sẹ́ni tó rà á.
Bí a bá tò wọ́n sẹ́nu géètì,
mọ́tò ọ̀gá ò ní rí ọ̀nà kọjá.
(Gáàsì tó ń ti ọ̀dà jáde lẹ́nu agolo, n kò tíì kà á.)

Ọ̀gá ní, “Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ńkọ́? Bíńtín ni wọ́n kọ.
Tí a bá kọ òótọ́, àwa ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá bá.”
N kò dáhùn. Èéfín nìwà, wọ́n ní rírú ní ń rú;
ti wa kì í tilẹ̀ í rú, kò láwọ̀,
ó kàn ń lọ ni.

Ẹgbàá kílò ó lé ogójì. Mo kọ ọ́.
Bíró náà ò gbọ̀n. Èmi ni mo gbọ̀n.

Ó wá ku Músẹ́dìkù.
Ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ tó ń rọ ọ̀dà.
Kò gbọ́ òórùn ohunkóhun mọ́, ọdún kẹta rèé.
Ẹja á máa jóná níwájú rẹ̀,
ìyàwó rẹ̀ ni yóò sáré wá láti ẹ̀yìnkùlé.
Ìlà wo ni kí n kọ ìyẹn sí?
Mo wá a títí dé ìlà kejìlélógójì.
“Àlàyé mìíràn, bí ó bá wà,”
àyè ibẹ̀ kò ju ìka méjì lọ.
Mo kọ Músẹ́dìkù. Mo fà á rẹ́.
Mo tún un kọ, lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Ọ̀gá bu ọwọ́ lù ú, kò kà á.
Ó ní kí n ṣí fèrèsé, pé yàrá yìí ń rùn.
Èwo nínú wọn, sà?
Gbogbo wọn ló kọjú sí ẹ̀rọ.