Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ló Kọ Orúkọ Rẹ̀

Láti ìgbà òtútù èṣí ni mo ti ń wá ọ,
Malachy, bàbá bàbá ìyá mi àgbà,
nínú páálí tó ń rùn bí ewé gbígbẹ
ní ilé ìkówèésí ìlú Troy,
níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Vandermeer ti fún mi ní ìbọ̀wọ́ funfun
bí ẹni ń múra ìsìnkú.

Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ta ló wolé kó tó sọ ọ́ ní mẹ́rin?
Akọ̀wé ọkọ̀ pè ọ́ ní Devanny.
Ẹni tó ka èèyàn ìlú pè ọ́ ní Devine.
Ilé ìwòsàn ogun pè ọ́ ní Delaney,
ibà kì í jẹ́ kí èèyàn dáhùn dáadáa.
Àlùfáà nìkan ló gbà á, Devaney;
ará Roscommon lòun náà.

Ọ̀dùnkún rà nínú ebè ní abúlé yín.
Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, ebi tẹ̀lé e.
Nínú ìwé ọkọ̀, 1847, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́,
iṣẹ́: alágbàṣe.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá, alágbàṣe!
Ìlà kan lókè rẹ ni Honora, ìyá rẹ.
Gègé gba àárín orúkọ rẹ̀ kọjá.
Kò sí àlàyé,
òkun ò sì ní ibi tí a ń ri òkúta ìrántí mọ́.

Lẹ́yìn náà, ọdún mẹ́tàlá tí mi ò rí ọ níbì kankan,
àfi ìwé ọlọ́pàá kan: o sọ bíríkì lu fèrèsé
ilé ìtajà tó kọ ọ́ sára ògiri pé
òun ò fẹ́ ará Áyálándì.
Owó ìtanràn, dọ́là méjì.
Mo rẹ́rìn-ín sókè. Ọ̀gbẹ́ni Vandermeer wò mí.

Winifred, ìyá mi àgbà, máa ń sọ pé
torí kí ẹrú lè dòmìnira lo ṣe gba ìbọn.
Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀.
Ìwé sọ pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1862
o gba àádọ́ta dọ́là lọ́wọ́ ìjọba,
pé lọ́sẹ̀ kan náà wọ́n san owó ọkọ̀
Sabina Devaney, àbúrò rẹ, láti Galway.
Mi ò tíì sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Lórí ìwé ìwọṣẹ́ ogun, àgbélébùú kékeré kan,
àmì ọwọ́ rẹ; akọ̀wé ló kọ ìyókù.
Lórí ìwé owó ìfẹ̀yìntì, 1879, àgbélébùú náà rèé,
ó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀,
nítorí ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún rẹ
ti ṣẹ́kù sí etí odò kan ní Virginia.

Mo ti fẹ́ dé páálí náà
kí ìwé owó oṣù kan tó já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi:
oṣù kejì 1864, ibùdó ìgbà òtútù.
Ẹnì kan ti kọ́ ọ níbẹ̀, nínú àgọ́,
bóyá pẹ̀lú èédú lórí àpótí bisikíìtì.
Mi ò ní mọ̀ ọ́n láé.
Malachy Devaney.
Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì
bí ọmọ ogun tó mutí yó, tí wọ́n ń ti ara wọn délé.
O gbàgbé e kan, o wá fún un mọ́ àárín.
Lẹ́yìn rẹ̀, tádàwá kó jọ sójú kan:
o ò tètè gbé gègé kúrò.

Oṣù mẹ́ta ló kù fún ọwọ́ yẹn.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún.
Ọ̀gbẹ́ni Vandermeer rí mi. Ó yíjú sí fèrèsé,
ó ń wo òjò dídì.