Ọkàn Eégbọn Omi

Ara eégbọn omi mọ́ gaara bíi gíláàsì.
Gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá:
wàá rí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀, àwọ̀ ewé, nínú ìfun,
wàá rí ọmọ mẹ́fà tó pọ̀n sẹ́yìn,
wàá rí ọkàn rẹ̀ tí ń lù kìkìkìkì,
bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ bójú wẹ̀yìn.

Èmi Griselda, ọmọ Nicanor Retamozo,
ọkàn ni mò ń kà jẹun.
Ní ilẹ̀ Ajẹntínà, lágbègbè tí wọ́n sọ ní Àárín Odò,
ẹ̀wà sóyà ló jókòó tì wá lẹ́nu ọ̀nà,
ó jókòó tì wá lójú fèrèsé,
ó kù díẹ̀ kó bá wa wọ yàrá.

Ìgò mẹ́rin ló wà lórí tábìlì mi.
Àkọ́kọ́, omi kànga ìyá mi àgbà.
Ìkejì, omi odò Ñandubay kí òjò tó rọ̀.
Ìkẹta, odò yẹn kan náà, lọ́jọ́ kejì òjò.
Ìkẹrin, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Nínú ti kànga, ọkàn ń sáré ju ojú mi lọ.
Nínú ìkejì, ó ń lù.
Nínú ìkẹta, ó lù, ó dúró,
ó tún lù,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò.
Mo gbé kálámù sílẹ̀.

Wọ́n ní koríko nìkan ni oògùn náà ń pa.
Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára kẹ́ẹ̀gì.
Ṣùgbọ́n ara ewé a máa yọ̀,
ni wọ́n bá po ọṣẹ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ típẹ́típẹ́.
Ọṣẹ ò mọ èwo ni ewé,
kò mọ èwo ni ibi tí légbénlégbé fi ń mí.
Àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán.
Ó dáa.
Èyí tí kò tíì hu ẹsẹ̀ ńkọ́?

Ìṣáwùrú yé ẹyin sára koríko etí odò,
ẹyin pupa tí a máa ń pè ní ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó.
Oṣù Kọkànlá lọ, Kejìlá wọlé,
ìlẹ̀kẹ̀ funfun, ó gbẹ, ẹnì kankan ò jáde.
Lámilámi tó máa ń fìdí kan omi,
ẹyọ kan ni mo rí. Ó kan omi lẹ́ẹ̀kan, ó fò lọ.

Bàbá mi ló ń wa Ẹ̀fọn.
Bẹ́ẹ̀ la ń pe ẹ̀rọ náà,
ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, alápá gbọọrọ, tí ń tọ̀ sórí oko.
Owó Ẹ̀fọn ló rán mi lọ sí yunifásítì,
ó ra bàtà fún mi, ó ra awò.

Lálẹ́ ó dé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ọ̀nà,
a gbé omi gbígbóná kalẹ̀, a po máté.
"Kí lo kà lónìí?"
"Ọkàn."
Ó rẹ́rìn-ín. "Mélòó?"
Mo sọ iye rẹ̀.
Ó yí ife náà po lọ́wọ́, kò mu ún.
"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àkèré kì í jẹ́ ká sùn.
Bàbá mi a máa sọ òkúta sódò kí wọ́n lè dákẹ́."
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"A ti ń sùn dáadáa báyìí."

Ìgò kẹrin, omi tí mo fi ṣan ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni.
N kò tíì fi nǹkan kan sínú rẹ̀.
Eégbọn omi kan ṣoṣo ló kù, ó pọmọ sẹ́yìn,
ó wà nínú ẹ̀kán omi kan lókè ẹnu ìgò.
Ọwọ́ mi dúró.
Nínú yàrá kejì, bàbá mi ń hanrun.
Mo ń kà á.