Ọ̀pá Karùn-ún

Ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà bàbá mi, ní Òkè-Àdó,
mo to irin mẹ́rin sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
mo fi bóòtù kan sí orígun kọ̀ọ̀kan:
méjì gùn, méjì kúrú,
kò sí èyí tó fẹ́ fi ìṣísẹ̀ èèrà kan gùn sí i.
Mo fi ọmọńdinrín taari rẹ̀,
ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí fìlà ọ̀mùtí.
Irin kò tẹ̀. Ìwọ̀n kò yí. Igun ló ń yẹ̀,
àyè àárín wọn sì ń dín,
ó ń dín bí omi inú ike tó ń jò,
títí irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi sùn ti ara wọn bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀.

Mo ṣí ìwé mi.
Bóòtù mẹ́rin, nọ́ńbà mẹ́jọ;
irin mẹ́rin, ìdè mẹ́rin;
yọ mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ lè fi rìn, kó sì pòòyì, láìyẹ̀:
ó ku ẹyọ kan.
Òmìnira ẹyọ kan yẹn ni ọmọńdinrín mi rí.

Láòṣebíkan, bàbá mi, kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó mú irin karùn-ún, ó fi dábùú,
iná ṣáná lẹ́ẹ̀mejì.
“Taari ẹ̀ wàyí.”
Mo taari. Mo fẹsẹ̀ tì í.
Mo padà sínú ìwé: ó ku òdo.

Lọ́jọ́ Àìkú, a lọ kí ìyá rẹ̀ ní Òkè Àrẹ̀mọ.
Òjò Agẹmọ ti ti férémù ilẹ̀kùn Àsùnkẹ́;
ilẹ̀kùn wà lóòró, férémù dà sẹ́gbẹ̀ẹ́,
àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé mọ́.
Ó fẹ̀gbẹ́ jáde sí wa,
ó tẹ̀ ju ti Iléyá èṣí lọ.
“Gíga mi dà, ìwọ oníṣirò?”
“Ó wà ńbẹ̀, Màmá. Ó kàn ká ni.
Egungun itan yín kò dín, ti ojúgun kò dín,
orúnkún ló lọ wá igun tuntun.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn:
ọ̀pá kanlẹ̀, ilẹ̀ gbẹ́sẹ̀, ọwọ́ di ọ̀pá mú,
igun mẹ́ta. Ó dúró.
“Ta ló wá di bóòtù orúnkún mi,
tí kò fún un dáadáa?”

N kò rí èsì kọ.
Bàbá mi ti ń wọn férémù, lẹ́ẹ̀dì létí.
Nísàlẹ̀ wa, páànù dídípẹtà ń sọ̀ kalẹ̀ lára òkè,
ilé ń fara ti ilé;
mo ń wá irin tó dábùú wọn,
n kò rí i,
síbẹ̀ wọn kò wó.