Kí Aago Mẹ́rin Tó Lù

Nọ́ọ̀sì ní ó di aago mẹ́rin kí n tó lè wọlé rí Fẹ̀hìntọlá.
Mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni,
oòrùn ti gba orí mi ṣe àdògán.
Mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi lọ síbi tí wọn kì í mú àlejò lọ.
Ó wò mí. Ó ní, ààfin ńkọ́? Mo ní mo ti rí ààfin.
Ó ní, Ẹrẹ́jà ńkọ́? Mo ní kì í ṣe Ẹrẹ́jà.
"Ulé lò ń wá ni, àbí uṣẹ́?"
Mo ní n ò wá nǹkan kan.
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi igba náírà lé owó ọkọ̀.

Nísàlẹ̀ Ìṣọ̀nà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò tíì ní òrùlé,
òpópó kan wà tí ìpẹtà ti jẹ orúkọ rẹ̀ tán lára pátákó.
Àwọn ará ibẹ̀ kò wá orúkọ náà;
wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń gbé.
Ṣọ́ọ̀bù níwájú, yàrá lẹ́yìn, kọ́tìnnì kan ló pààlà:
níhìn-ín wọ́n ń ta ọṣẹ,
lọ́hùn-ún ọmọ ń sùn.

Mo fẹ́ sọ pé ibẹ̀ lẹ́wà. Kò lẹ́wà.
Gọ́tà ń rùn.
Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi pákó mẹ́ta ṣe afárá lé e lórí,
ó sì fi ẹfun kọ ọ́ síbẹ̀: RỌRA.
Mo rọra.

Lábẹ́ ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò lójú,
ìyá kan ń ṣa bọ́tìnnì sínú ìgò:
funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀,
àwọn tí kò ní ìkejì lọ́tọ̀.
Mo ní, ta ní í ra èyí tí kò ní ìkejì?
Kò gbójú sókè.
"Ẹni tí tiẹ̀ bá já."

Ọ̀gbẹ́ni Ọwádayọ̀ alátùn-ún-ṣe aago
jókòó sínú àpótí gíláàsì tí kò tó ilé ẹyẹlé,
awò lójú ọ̀tún, ojú òsì ń kí èrò.
Aago mẹ́tàdínlógún lára ògiri,
kò sí méjì tí ohùn wọn dọ́gba.
Bàbá, èwo ló ń sọ òótọ́?
"Èyí tí olówó rẹ̀ bá wá gbà."
Ó nawọ́ sí ọ̀kan lókè, olójú bí abọ́ tánganran:
"Ìyẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pa owó ṣílè tì.
Mo ṣì ń yí i láràárọ̀.
Bóyá ọ̀nà ló jìn."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló ta páálí ìṣáná kan fún mi.
Èmi tí n kì í mu sìgá.
Kò rí ṣéńjì, ó fi tọ́fì méjì dípò.
Ohùn bàbá àgbà kan ti ẹ̀yìn kọ́tìnnì jáde:
"Níbo lo ti wá?" Ifẹ̀ ni, bàbá.
"Hẹn-ẹ́n! Wọ́n ní a ò mọ̀dí ìṣáná látijọ́,
ẹ wá wò ó, àwa là ń tà á fún ará Ifẹ̀!"
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́,
ẹ̀rín sì ta gba òpópó náà, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù,
àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pàápàá bá wọn rín.

Aago mẹ́rin kọjá dáadáa kí n tó padà dé Wẹ́sílì.
(Aago Ọwádayọ̀ ni mo gbójú lé.)
Fẹ̀hìntọlá ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní, níbo lo dúró sí?
Mo rò ó fún un: gọ́tà, bọ́tìnnì, aago.
Ó ní, "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe tíṣà nílùú yìí,
n ò débẹ̀ rí."
Ó jẹ tọ́fì kan, ó tọ́jú ìkejì sábẹ́ ìrọ̀rí.
Ó wá mú páálí ìṣáná náà, ó mì ín létí
díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀.