Ilé Tó Ti Wó

Ìkán jẹ ìwé ìbí Kétu ní ọdún tí òjò pẹ́,
ìwé ńlá méje. Ohun tó kù ò ju eruku àti èèpo ìwé.
Ní mẹ́rì, wọ́n káwọ́ lérí.
Ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò kò ní ọjọ́ ìbí mọ́,
ẹni tó fẹ́ gba Ìlárá kọjá kò ní ìwé tí yóò nà sí ẹ̀ṣọ́.
Ni akọ̀wé àgbà kan bá wúkọ́, ó ní:
"Ẹ lọ bi obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí."

Ìyá ìyá mi ni, Ọláìtán.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi fọ ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ nílẹ̀.
Kò mọ A yàtọ̀ sí igi àjà.

Músíò Kpòsú ti Kútọnu dé, ti gègé ti gègé.
Ìkán ṣẹ́ ojú ewé kan kù. Ó ká a, ó fi í sápò,
kò wí fún ẹnikẹ́ni.
"Ìyá, ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo, oṣù kẹta. Ó dọwọ́ yín."
Màmá dijú.
Èmi tí mo jókòó nílẹ̀ ni mo rí i:
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn lábẹ́ àpótí,
ó ń dúró, ó ń yà, ó ń tẹ̀ síwájú.
Ogójì ọmọ. Orúkọ, ìyá, ọjọ́ ọjà, ìwọ̀n kílò.
Músíò yọ ewé rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
"Mo gbọ́ ìró ìwé yín," ni màmá wí, kò lajú.
"Ẹni kejìlélógún, ọkùnrin ló wà níbẹ̀, àbí?
Obìnrin ni. Oorun ló ń kun agbẹ̀bí tó pè é bẹ́ẹ̀.
Èmi ni mo nù ún."

Lóru, a ń bó ẹ̀gúsí, mo bi í bó ṣe ń ṣe é.
"Rántí kẹ̀? N kì í rántí. Mo kàn ń wọlé ni."
Ilé bàbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibodè Ìdènà,
tó ti wó kí wọ́n tó bí ìyá mi.
"Ẹnu ọ̀nà ni mo fi Ìgè sí, ó fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn.
Òjó, mo fi ìwọ́ rẹ̀ so ó kọ́ bí akèrègbè.
Àjàyí dojú bolẹ̀ lórí ọlọ.
Adéṣínà, inú ìkòkò ata ni, ó ń sín, ó ń sín.
Kílò mẹ́ta? Iṣu mẹ́ta ló há sí abíyá.
Ohun tí kò bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín kò ní í dúró dè ọ́.
Má sì sáré.
Ẹni tó ń sáré kọjá nínú ilé ara rẹ̀, olè ni."

Mo gbìyànjú. Yàrá kan ni mo yá ní Àjàṣẹ́,
ó kún lórí ẹni kọkànlá,
ẹni kejìlá jókòó lé ẹni kẹrin lẹ́sẹ̀.
Màmá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ sínú ẹ̀gúsí.
"Lọ wá ilé tó ti wó.
Èyí tó ṣì dúró, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gbé àga kúrò níbẹ̀.
Ta ni yóò gbé àga kúrò nínú tèmi?"

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni Músíò fi kọ ọ́.
Ìwé tuntun wọnú kọ́bọ́ọ̀dù onírin.
Mo ní, "Màmá, ilé yín ti wá ṣófo nìyẹn."
Ó ní, "Wọ́n kọ wọ́n ni, wọn ò kó wọn."

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, Músíò dé ìdérí gègé.
"Ìyá, ó tán?"
"Ó tán."
Lábẹ́ àpótí,
ẹsẹ̀ rẹ̀ tún rìn síwájú díẹ̀,
sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọn kì í sọni lórúkọ,
ó dúró.
Ó pẹ́ kó tó padà.