Iye Tó Kù Lónìí

Iná ọba ti lọ ní Òkè-Fìà láti ìrọ̀lẹ́.
Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo gbé ti ife tíì,
mo ń kọ́ bí owó ṣe ń bímọ,
mo ń kọ́ bí owó ṣe ń kú sórí ìkúnlẹ̀.

Sátidé ni kíláàsì wa, àwa òṣìṣẹ́ tó ń kàwé gboyè kejì:
Gbọ́lágadé tó ń ka owó olówó ní báǹkì,
Ìyádùnní nọ́ọ̀sì, tó máa ń fi ìwé ṣe ìrọ̀rí,
èmi, akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà.
Dókítà Láníhùn fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà:
"Náírà òní ju náírà ọ̀la lọ."
Ó yíjú sí wa bí ẹni tó tú àṣírí.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Nílé wa, ta ni kò mọ̀?

Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé.
Wọ́n fún un ní ìwé aláwọ̀ ewé kan, òǹtẹ̀ méjì,
gbogbo ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ wà níbẹ̀, títí kan kọ́bọ̀ mọ́kànlá,
àfi owó fúnra rẹ̀.
Ọdún àkọ́kọ́, ó ní, "Owó yẹn á kọ́lé sí ilẹ̀ mi lọ́nà Ìbòkun."
Ọdún kẹrin, ó ní á kan òrùlé.
Ọdún keje, ó ní ilẹ̀kùn àbáwọlé nìkan náà kò burú.
Kò jókòó ní kíláàsì rí,
ṣùgbọ́n ó ń ṣírò.

Iṣẹ́ àmúrelé ọ̀sẹ̀ tó kọjá rèé:
ẹ mú gbèsè kan tí a kò tí ì san,
ẹ wá iye tó jẹ́ lónìí.
Àwọn yòókù mú ti ilé-iṣẹ́ ńlá inú ìwé.
Èmi mú ti bàbá mi.
Ọdún mẹ́tàlá. Mo fi bí ọjà ṣe ń gbówó lórí gé e,
mo gé e lọ́dọọdún bí ẹni ń bẹ iṣu,
èèpo ń pọ̀, iṣu ń tín-ín-rín.
Mo tẹ kálíkúlétọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé ìka mi ló ṣì í.
Fèrèsé kan.
Fèrèsé kan ṣoṣo, tí kò ní gíláàsì.

Mo gba ilé lọ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn stéṣàn Òṣogbo,
níbi tí koríko ti hù láàárín irin méjèèjì.
Bàbá ń wo aago bí ẹni pé ọkọ̀ kan ṣì ń bọ̀ láti Ọ̀fà.
"Ìwé tí ò ń kà yìí," ó ní, "kí ló sọ nípa tèmi?"
Wọ́n ti kọ́ wa pé kí a sọ ewu fólówó kó tó kówó sílẹ̀.
Wọn kò kọ́ wa ní ohun tí à ń sọ
fún ẹni tó ti kó ọgbọ̀n ọdún sílẹ̀.
Mo ní, "Ilẹ̀ yẹn ṣì wà, Bàbá. Ilẹ̀ kì í ṣá."
Ó bú sẹ́rìn-ín, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á.
"Ilẹ̀ wo? Mo ti tà á lọ́dún tó kọjá.
O rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìlọrin ló san owó sukúù rẹ?"

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Dókítà Láníhùn lo wákàtí méjì lórí ẹ̀,
ó ya àwòrán, ó fa ìlà.
Bàbá mi kó gbogbo ẹrù rẹ̀ gba ọ̀nà kan.
Èmi ni ọ̀nà náà. Ẹ̀fọn ń jẹ mí.

Nítorí náà lálẹ́ yìí, ara mi ni mò ń ṣírò:
owó oṣù akápò, èyí tí wọ́n lè fi lé e bí ìwé bá jáde,
iye ọdún tó kù fún bàbá láti jẹ nínú rẹ̀.
Mo kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀, mo pa á rẹ́,
mo kọ òmíràn, ó kéré, mo pa òun náà rẹ́.
Àdúgbò pariwo. Iná dé.
Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé mi kiri.
Ó ku bọ́tìnnì kan.
N kò tí ì tẹ̀ ẹ́.