Agbára Tó Ń Sá Lọ́sàn-án

Ní Ìrójò, l'Ílẹ́ṣà, níbi tí a ti ń la gọ́tà
kí àgbàrá má baà tún wọ yàrá Ìyá Fọ́lọ́runṣọ́,
katapílà wa a máa jí bí akọni.
Láàárọ̀, á gbé àpáta tó tó ewúrẹ́ mẹ́ta,
á dà á sínú típà, típà á mì.
Tó bá wá di aago mẹ́wàá ààbọ̀
apá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀
bí orí ẹni tó ń tòògbé lójú ìsìn.
Ẹ́ńjìnì ń ké o. Èéfín ń jáde, ariwo pé,
agbára nìkan ni kò sí nílé.

Ẹ pa á, ẹ lọ jẹun, ẹ padà dé:
á tún gbéra, bí ẹni pé a purọ́ mọ́ ọn.

Agbaṣẹ́ṣe ní pọ́ǹpù ló kú,
ó ti ń dúnàádúrà òmíràn lórí fóònù pẹ̀lú ará Èkó.
Awakọ̀ ní ayé ni.
Ọ̀gá mi, Fálúyì, kò sọ nǹkan kan.
Ó lóṣòó ti táǹkì.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí i.
Ó ta aṣọ láwìn káàkiri ìletò,
bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè;
kò ní bú ènìyàn, kò ní lu ènìyàn,
kò ṣáà ní dìde.
Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ṣe lóṣòó ti irin.

Ó ti ọ̀pá bọ ọ́ìlì: ó pé.
Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀:
kò jóná, kò funfun bí omi ògì.
Ó fi abẹ la ikùn fítà, ó na bébà rẹ̀ sóòrùn,
ó ń wá èérún idẹ.
"Pọ́ǹpù tó bá ń kú a máa tutọ́ idẹ. Èyí ò tutọ́."
Ó so géèjì mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì,
ọwọ́ géèjì gun ọ̀ọ́dúnrún, ó dúró gbọn-in.
Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ó ń gbọ̀n. Ó já sí ọgọ́rin.

Ó fi ìdí sikurudiráfà sétí, ó fi ẹnu rẹ̀ kan pọ́ǹpù.
"Wá gbọ́."
Mo gbọ́:
ọmọ tó ń fa ọmú tó ti gbẹ.
"Ó lè fà. Ohun tí yóò fà ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Nǹkan kan wà níbẹ̀
tó ń di ọ̀nà mú bí a bá ń ṣiṣẹ́,
tó ń tú u sílẹ̀ bí a bá sinmi."

Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.

A fa ọ́ìlì sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ki ọwọ́ bọ táǹkì dé èjìká,
ó di ojú, ó ń wá inú òkùnkùn bí agbẹ̀bí.
Ohun tó fà yọ dúdú, ó ń kán tó, tó.
Ó fún un. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ katapílà.
Àpò àyà kan. Bọ́tìnì méjì.
Ojú rírán pupa, nítorí òwú aláwọ̀ ewé tán lọ́wọ́ ìyá mi.

Ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé mi.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fi dí ẹnu táǹkì
kí eruku má wọ̀ ọ́. Òjò dé. Mo sá.

Agbaṣẹ́ṣe sáré dé: "Kí ni? Kí lẹ rí?"
Fálúyì nu apá rẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́.
"Ìdọ̀tí ni."
Ó ju aṣọ náà sí mi láyà. "Lọ fọ̀ ọ́."
Kò tún sọ ọ́ mọ́, títí ó fi kú.

Mo ti di ọ̀gá báyìí.
Kí n tó tú nọ́ọ̀tù kan, mo máa ń ka àkísà mi;
bí mo bá dé táǹkì tán, mo tún kà wọ́n.
Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n pé,
mo ṣì lóṣòó, mo tún kà.